Bàtà Tí Mo Ní Kí Wọ́n Rán Yíká

Ohun mẹ́ta ni mo ní láti yàn fún ìrìn ọjọ́ mẹ́ta tí èmi àti àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi fẹ́ rìn láàárín àwọn òkè Èkìtì: àpò àgbékọ́yìn, aṣọ òjò àti bàtà. Bàtà nìkan ni ẹ̀rù rẹ̀ bà mí.

Mo rántí pé nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, àtẹ́lẹ̀ sálúbàtà mi ṣí lórí àpáta tó tutù lẹ́yìn ilé ìyá bàbá wa, mo sì yọ̀ títí gbòǹgbò igi kan fi dá mi dúró. Bí mo ṣe rántí rẹ̀ nìyẹn.

Nítorí náà, nígbà tí mo ra bàtà òkìrìkà kan ní Ìkòtún, èyí tí ẹni tó tà á ní omi kì í wọ̀, ohun tí gbogbo wa ń ṣe sí bàtà ní Èkó ni mo ṣe sí i: n kò tíì wọ̀ ọ́ tí mo fi gbé e lọ sọ́dọ̀ aránbàtà ní Ẹ̀gbẹ́dá.

Ó yí i síwá sẹ́yìn. "Àǹtí, bàtà yìí le o. Ṣé kí n rán an lóòótọ́?"

"Ẹ bá mi rán an jàre, kó má lọ ṣí lórí òkè."

"Òkè àdúrà?"

"Òkè lásán ni. A kàn fẹ́ gùn ún ni."

"Háà! Ẹ fowó ra ìyà!" Ó rán an lẹ́ẹ̀mejì yíká.

Ní ọ̀sán tó ṣáájú ìrìn náà, mo wọ̀ ọ́ dúró sínú báàfù omi. Kí n tó ka ogún, ìbọ̀sẹ̀ mi ti tutù. Gbogbo ihò tí abẹ́rẹ́ aránbàtà dá sí i ni omi ń gbà wọlé.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, mo ní n kò lọ mọ́, nítorí ìṣubú ìgbà èwe mi.

"Ìṣubú wo? Èmi ni mo ṣubú! Ìwọ dúró lókè, ò ń ké bí ewúrẹ́. Sálúbàtà wo tiẹ̀ ni? Ẹsẹ̀ lásán ni gbogbo wa wà."

Mo wo orúnkún mi. Àpá kan wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè búra pé orí àpáta ni mo ti gbà á. Bí n kò bá ṣubú rí, ẹ̀rù ta ni mo ti ń gbé kiri?

Mo lọ. Mo fi ọ̀rá búrẹ́dì wé ẹsẹ̀ méjèèjì kí n tó wọ bàtà. Ní ọjọ́ kejì, òjò bá wa lórí àpáta. Omi wọlé, ọ̀rá sì ń dún ṣàràṣàrà.

"Ta ló ń jẹ gúgúrú?" ni olùkọ́ ìṣirò béèrè lẹ́yìn mi. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rín in. Òwú dúdú tí aránbàtà fi rán an ni mo tẹjú mọ́ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mò ń retí kí ó já.

Kò já. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, mo bọ́ bàtà náà, mo sì fọwọ́ tọ òwú rẹ̀ yíká. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá òwú náà ló gbà mí, tàbí bàtà náà kò ní ṣí bí wọn kò bá tiẹ̀ rán an.