Ìwé Ìrìnnà Mi Nínú Àpótí Bàbá

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé òun ń lọ sílẹ̀ òkèèrè, ohun kan ni mo máa ń wí: má ṣe fi ìwé ìrìnnà rẹ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ì báà jẹ́ àgbà ìlú yín. Àgbà ìlú yín gan-an ni kó o kọ́kọ́ ṣọ́ra fún.

Nígbà tí mo kó àdìrẹ wá tà ní Banjul, ní ilẹ̀ Gambia, ilé bàbá kan tó jẹ́ ọmọ ìlú wa ni mo wọ̀ sí, ní àdúgbò Campama. Mi ò tíì mu atáyà, tíì wọn tó korò yẹn, tán tí bàbá fi nawọ́ sí mi.

"Mú pásípọ́ọ̀tù rẹ wá, ọmọ mi. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́."

Mo kúnlẹ̀, mo fọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn. Ta ló máa sọ pé rárá fún àgbà? Wọ́n tì í mọ́ inú àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, níbi tí ìwé gbogbo àwa àlejò ilé náà wà.

Gbogbo Campama ló mọ̀ pé bí òjò bá dé, omi ń wọ yàrá. Èmi nìkan ni mi ò mọ̀.

Lọ́dún yẹn, dókítà fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún ìyá mi n'Ílọrin. Ìyá mi ní ojú mi làwọn fẹ́ kọ́kọ́ rí. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ lọ gan-an lòjò ńlá rọ̀. Nígbà tí bàbá ṣí àpótí, gbogbo ìwé wa ti rin gbingbin, àwòrán mi ti di àbàwọ́n.

Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n sọ? "Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́, kì í ṣe èèyàn lomi gbé lọ."

Inú bí mi gan-an. Tẹlifíṣọ̀n bàbá wà lórí tábìlì, gbígbẹ ni. Wọ́n ti gbé e sókè kí òjò tó bẹ̀rẹ̀!

"Ẹ wà lọ́jà, sà," mo ní, "orí wa sì wọ́."

Àwọn ará ilé ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́.

Kí n tó rí ìwé mìíràn gbà, dókítà ti tú báńdéèjì. Àbúrò mi tó wà níbẹ̀ sọ pé ojú nọ́ọ̀sì ni ìyá mi kọ́kọ́ rí, wọ́n sì pe ọmọ ọlọ́mọ ní orúkọ mi.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, tí mo ti gba yàrá tèmi ní àdúgbò Box Bar, ọmọbìnrin kan láti ìlú wa dé bá mi. Kò tíì sọ báàgì kalẹ̀ tó fi kúnlẹ̀, tó fi ọwọ́ méjèèjì na ìwé ìrìnnà rẹ̀ sí mi.

"Dìde!" Mo jágbe mọ́ ọn. "Ta ló ní kó o ṣe bẹ́ẹ̀?"

Omi ti lé sí i lójú. "Ìyá mi ni, mà. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà..."

Mi ò jẹ́ kó sọ ọ́ tán.