Luger Inú Ike Ice Cream

Ìbọn ìléwọ́ àwọn ológun Jámánì ni Alhaja bá nínú ike ice cream tó rò pé ẹ̀fọ́ ló wà níbẹ̀, lójú gbogbo àlejò, nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Chestermere, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Calgary ní Canada. Ìgbà òtútù tó kọjá ni. Ọkọ rẹ̀, Alhaji, tí mo háyà yàrá nílé rẹ̀ ní àdúgbò Castleridge ní Calgary, ló fi í síbẹ̀.

Alhaji kì í jókòó kó má sọ̀rọ̀ ìbọn ogun. Rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n ló máa ń nà bí ìbọn tó bá ń júwe rẹ̀. Nígbà tó wá rí ìbọn gidi nínú ògiri basement, yàrá abẹ́ ilé rẹ̀ tó ń tún ṣe, ó fi í sínú ike ice cream kan, ó gbé e sínú fírísà, ó ní òun á pe ọlọ́pàá láàárọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Alhaja ti gbé ike náà lọ sóde ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, mo bi Alhaji pé kí ló dé tó fi jẹ́ fírísà.

"Àwọn ọmọ mi kì í ṣí ike ice cream mọ́. Wọ́n mọ̀ pé ọbẹ̀ ni ìyá wọn máa ń kó sínú rẹ̀."

Ní Chestermere, Alhaja figbe ta: "Alhaji, ẹ ti pa mí o! Kí lẹ kó síbí?"

Alhaji ní, "Fara balẹ̀, Luger ni, ìbọn Jámánì. Ó rẹwà, ṣùgbọ́n tí ẹrẹ̀ bá kàn án lójú ogun, ó máa ń há. Ìdí tí wọ́n fi ṣe P38, ìbọn tó rọ́pò rẹ̀, nìyẹn."

Bó ṣe ń ṣàlàyé, ó ti ń tẹ nọ́ńbà ọlọ́pàá. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ló fẹ́ búra láti di ọmọ Canada, ẹ̀sùn ìbọn sì lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ọlọ́pàá tó dé ní àwọn ò ní fi ẹ̀sùn kàn án. Wọ́n á yẹ ìbọn náà wò, wọ́n á sì rún un wómúwómú.

"Ike mi ńkọ́?" Alhaja bi í.

Ọlọ́pàá ní ẹ̀rí ni. Tí ìwádìí bá parí, kó wá gbà á ní àgọ́ àwọn.