Fíláàṣì Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Ọmọ Mi

Ọwọ́ mi ni fáírọ́ọ̀sì gbà wọ inú kọ̀ǹpútà ọmọ mi. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná, kí n tó máa bínú sí ẹlòmíì.

Ilé ọkọ rẹ̀ ní Ìdímù ni mo wà nígbà náà. Mo lọ bá wọn wẹ ọmọ, ọmọ wọn kẹta, mo sì pẹ́ níbẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ, nítorí ọmọbìnrin mi yìí ti padà sílé ìwé. Ó ti ń sún mọ́ ogójì ọdún. Ìparí ọ̀sẹ̀ ló máa ń lọ, ọdún karùn-ún rẹ̀ sì nìyẹn. Ó ku ìwé ńlá kan tí wọ́n ní kó kọ kẹ́yìn, èyí tí wọ́n ń pè ní pírójẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ gbà á. Ẹni tí kò bá mú tirẹ̀ wá, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ kànga ló kọ ìwé náà lé lórí: omi kànga tí àwọn èèyàn ń mu ní agbègbè ààtàn ńlá tó wà ní Ìgàndó, àti ohun tí omi náà ń fi inú àwọn ọmọ wọn ṣe. Ojúlé dé ojúlé ló fẹsẹ̀ rìn, tó ń bi àwọn ìyá léèrè ọ̀rọ̀. Èmi ni mo pọn ìkókó tẹ̀ lé e, kó lè máa fún un lọ́mú bó bá ké. Mo mọ èéfín ààtàn yẹn bí mo ṣe mọ òórùn yàrá mi. Àwọn ìwé tó kọ ìdáhùn wọn sí, òjò jò lé wọn lórí, wọ́n lẹ̀ mọ́ra wọn bí ẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n ó ti tẹ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kí òjò tó rọ̀, nítorí náà a ò sunkún.

Kọ̀ǹpútà náà wà ní pálọ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó lẹ́yìn ràbàtà bíi tẹlifíṣàn àtijọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ dé. Tọkọtaya ò sí nílé. Èmi àti ìkókó nìkan ni. Ó ní òun kàn fẹ́ wo fọ́tò ìsọmọlórúkọ tí ẹnì kan bá òun kó sínú fíláàṣì ní káfè kan ní Ìkòtún, nǹkan kékeré tí kò gùn tó ìka mi yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ilé àna rí, ẹ mọ bó ṣe rí. Ilé kì í ṣe tèmi, ẹ̀gbọ́n onílé ló sì dúró yẹn. Ta ni mo jẹ́ tí màá ní kó má fọwọ́ kan nǹkan àbúrò rẹ̀? Mo fún un ní àga. Mo fún un lómi. Mo ní kí ó tan jẹnẹrétọ̀. Nígbà tó ń wá ihò tó máa ki nǹkan náà bọ̀, èmi tí mo ti ń rí ibi tí ọmọ mi ń ki tirẹ̀ bọ̀, èmi ni mo fi ìka hàn án. Àpótí pupa kan yọ lójú kọ̀ǹpútà. Ó ní kí lèyí ń sọ. Mo ní mi ò mọ̀, kó ṣáà tẹ èyí tó máa jẹ́ kó kọjá. Ó tẹ̀ ẹ́. A wo fọ́tò. Mo tiẹ̀ rẹwà nínú ọ̀kan.

Lọ́jọ́ Ajé, ọmọ mi jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó sì dákẹ́. Ó ní irú ìdákẹ́ kan tó jẹ́ pé láti ilé ìdáná ni ìyá ọmọ ti máa ń gbọ́ ọ. Mo jáde sí i. Gbogbo àpò tó ń kó iṣẹ́ rẹ̀ sí nínú ẹ̀rọ ti yí padà. Bó bá tẹ ọ̀kan, ẹ̀rọ á ní òun ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ó fẹ́ ṣí oògùn tó ń pa fáírọ́ọ̀sì. Oògùn náà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan péré, ó pa dé. Ó tún un ṣí, ó tún pa dé. Fíláàṣì tirẹ̀ tó kó ẹ̀dà kejì sí, ó ti kì í bọ̀ ọ́ kó tó fura, ìyẹn náà sì ti kó àrùn. Ó yíjú sí mi, ó bi mí bóyá ẹnikẹ́ni wá sílé. Mo sọ fún un. Kò bá mi wí. Ì bá sàn kó bá mi wí.

Ọkọ rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi. Kò fi ìyẹn ṣeré rí. A ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Kò béèrè ohun tó wà nínú ẹ̀rọ, kò béèrè ọjọ́ Ẹtì. Bàtà ló ń bọ́.

"Mọ́mì, ẹ má jẹ́ kó dùn yín," ó ní. "Wọ́n á fọ gbogbo ẹ̀ dànù, á sì tún un kọ. Ṣebí òun náà ló kọ ọ́ nígbà àkọ́kọ́."

Ọ̀rọ̀ tó ti ta mí lára tó ìyẹn láyé mi ò pọ̀. Wọ́n mú mi kúrò nílé ìwé ní kíláàsì kẹta kí n lè máa gbé àbúrò mi pọ̀n. Báyìí náà ni wọ́n ṣe sọ ọ́ nígbà yẹn, wọ́rọ́wọ́, bí ẹni ń bọ́ bàtà: pé kò tó nǹkan, pé màá lè padà bó bá yá. Ṣùgbọ́n ìyá ìyàwó kì í gbé ohùn sókè ní pálọ̀ àna rẹ̀. Mo ní, "Ẹ ṣeun, ọkọ mi." Mo padà sí ilé ìdáná, mo lọ fọ ìkòkò tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, a gbé ẹ̀rọ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Akówonjo. Ọmọ mi gbé ẹ̀rọ, mo pọn ọmọ. Ọkùnrin náà tàn án, ó wò ó níwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń bó ọsàn kan tán, ó ní fọ́máàtì ni. Mo ní kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ó ní òun máa nu gbogbo inú rẹ̀ kúrò, á wá dà bíi tuntun. Mo ní iṣẹ́ ọmọ mi ńkọ́. Ó ní ìyẹn náà á bá a lọ, pé bí òun ṣe ń ṣe é fún gbogbo èèyàn nìyẹn.

Mo ta ẹ̀wà ju ọgbọ̀n ọdún lọ. "Ẹ gbọ́, ọ̀gá," mo ní. "Bí kòkòrò bá wọ inú àpò ẹ̀wà, ta ló ń da ẹ̀wà sí gọ́tà? Wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á fẹ́ ẹ, wọ́n á ṣà á. Èyí tí ẹ fẹ́ ṣe yìí, iṣẹ́ ọ̀lẹ ni."

Kò dùn mọ́ ọn nínú. Ó ní Mama, èyí kì í ṣe ẹ̀wà. Láti fi hàn mí pé òun kì í ṣe ọ̀lẹ, ó ṣí oògùn. Ó ṣẹ́jú, ó pa dé. Ó wá oògùn mìíràn jáde nínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó kọ ọ́ sórí síídì. Ó ní bí òun bá fi fíláàṣì gbé e, kòkòrò náà á fò mọ́ ọn, ṣùgbọ́n síídì tí wọ́n bá ti kọ tán, nǹkan kan ò lè wọ inú rẹ̀ mọ́. Ìyẹn yé mi. Ó gbé oògùn náà sínú ẹ̀rọ ọmọ mi. Ìyẹn náà pa dé. "Ẹ rí i," ó ní, bí ẹni tó jàre ẹjọ́.

Bó ṣe dùn mọ́ ọn pé kò ṣiṣẹ́ yẹn ló bí mi nínú jù. Mo sọ ọmọ kalẹ̀, mo gbé e sórí ẹsẹ̀, mo bi ọkùnrin náà pé ṣé gbogbo nǹkan ni kòkòrò yìí ń pa dé. Ó ní rárá. Ó ṣí ibi tí wọ́n ń tẹ̀wé, ó ṣí. Ó ṣí ibi orin, orin ń kọ. Àwọn oògùn yẹn nìkan ni.

"Báwo ló ṣe ń dá wọn mọ̀?"

Ó ronú díẹ̀. Ó ní àwọn tó ṣe é ti kọ orúkọ àwọn oògùn sínú rẹ̀. Bó bá ti rí orúkọ tó mọ̀, á pa á dé.

"Orúkọ nìkan? Kì í wo ojú?"

Ó ní ó jọ bẹ́ẹ̀.

Mo wá rántí agboolé ọkọ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, bó tiẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún méjì. Orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ bá fún un ló máa pè é. Àbúrò ọkọ mi kan ga, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni mo sọ ọ́, gbogbo àwa ìyàwó ilé ò sì pè é ní nǹkan mìíràn. Lọ́jọ́ kan, àwọn wolé-wolé gbé ìwé dé, wọ́n ń wá a nítorí ẹ̀gbin tó dà sẹ́yìnkùlé. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ni wọ́n ń pè. A ní ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, a ò mọ̀ ọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ìjókòó fún wọn, tí mò ń sọ pé, "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, fún àwọn àlejò lómi." Wọ́n mu omi, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n lọ.

Mo sọ ọ́ fún ọkùnrin náà báyìí, mi ò kánjú. Mo ní kó yí orúkọ oògùn yẹn padà.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àbí Mama fẹ́ sọ kọ̀ǹpútà lórúkọ ni, ṣé kí òun lọ ra oyin àti iyọ̀ wá. Ọmọ mi ò rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣe ohun tí màámi sọ," ó ní. Ohùn rẹ̀ ò le, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà wo ojú rẹ̀, ó sì gbé ẹ̀rín mì. Ó pa orúkọ oògùn náà rẹ́, ó ní kí ni kí òun kọ. Mo ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́.

Oògùn náà ṣí. Kò ṣẹ́jú. Ó ṣí sílẹ̀ gbayawu, ó ń yẹ inú ẹ̀rọ wò níkọ̀ọ̀kan, ó ń pa ohun tó bá rí. Ọmọ sùn, ó jí, ó mu ọmú, ó tún sùn, kòkòrò náà ò dá oògùn mọ̀. Nígbà tó parí, ọkùnrin náà tún ẹ̀rọ tàn, ó tẹ nǹkan kan tó ń fi ohun tó bá fara pamọ́ hàn, iṣẹ́ ọmọ mi sì jáde. Kànga, ojúlé, ìdáhùn àwọn ìyá, ọ̀kan ò dín. Kò sígbà kankan tí wọ́n kúrò níbẹ̀. Ṣe ni kòkòrò náà kàn fi wọ́n pamọ́.

Ìbínú mi tún wá bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Wọ́n wà níbẹ̀, ọkùnrin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ti ní kí á fọ̀ wọ́n dànù. Mo bi ọ̀gá náà pé èèyàn mélòó ló ti gbé tirẹ̀ wá síbí tó fọ ohun tó wà níbẹ̀ fún un. Wáyà ló ń ká.

Ọmọ mi ò kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yẹn títí wọ́n fi tẹ ìwé náà jáde. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó gbé e lọ, wọ́n gbà á.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tún yọ, fíláàṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun gbọ́ pé nǹkan ṣe kọ̀ǹpútà, ó mà ṣe o, ẹ̀rọ ìsinsìnyí ò lágbára. Fọ́tò tó kù ló mú wá. Àbúrò rẹ̀ ti ń dìde kó lọ bá a tan ẹ̀rọ. Èmi ni mo wà lórí àga ìdí kọ̀ǹpútà, tí mo gbé àtẹ ẹ̀wà lé ẹsẹ̀, tí mò ń ṣà á. Mi ò dìde.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n," mo ní. "Omi yín wà lórí tábìlì. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín yẹn, inú àpò yín ni kó ti mu tirẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Ọkọ ọmọ mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mọ́mì, fọ́tò lásán ni."

"Mo mọ̀, ọkọ mi. Bó bá ṣòfò, wọ́n á tún un yà. Ṣebí àwọn náà ló yà á nígbà àkọ́kọ́."

Ọmọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó gbé ìkókó dání, ó ń wo ilẹ̀. Mo rí òkúta kan nínú ẹ̀wà, mo jù ú sínú ike. Ẹ̀gbọ́n mu omi rẹ̀.