Bí A Ṣe Bọ́ Kwíìnì Nígbà Tí Owó Oṣù Kò Dé

Mo lọ kí ọmọ mi obìnrin nílé rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọkọ rẹ̀ ń já àpò oúnjẹ ajá kan lọ́wọ́, irú èyí tí wọ́n ya àwòrán ajá tó yọ ahọ́n sí lára. Bó ṣe fa ẹnu àpò náà ya, òórùn kan jáde: òórùn ẹja gbígbẹ àti ọkà, pẹ̀lú ọ̀rá ẹran díẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ọmọ mi fọwọ́ bo imú. Èmi ní tèmi dúró síbẹ̀, mo ń fa òórùn náà símú bí ẹni tó gbóòórùn ọbẹ̀ ìyá rẹ̀. Ọkọ ọmọ mi ní, "Màmá, ṣé kò sí o?" Mo ní kò sí. Ṣùgbọ́n mi ò sí lọ́dọ̀ wọn mọ́. Mo ti wà ní Ìlọrin, lẹ́yìn ilé ìdáná wa nítòsí Ọjà Tuntun, mo ń ro ìkòkò dúdú kan lórí iná igi, ajá pupa rúsúrúsú kan sì jókòó síwájú mi, ó ń wò mí bí ọ̀gá ṣe ń wo òṣìṣẹ́ tó pẹ́ dé.

Kwíìnì ni orúkọ ajá náà. Àwa kọ́ la sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ilé ọ̀gá bàbá mi ni wọ́n ti sọ ọ́. Akọ̀wé ni bàbá mi nínú iṣẹ́ ìjọba. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá, iṣẹ́ yìí ló gbé bàbá àti màmá mi dé Ìlọrin kí wọ́n tó bí mi. GRA ni ọ̀gá náà ń gbé, níbi tí igi pọ̀ ju ènìyàn lọ, tí ìwọ yóò rìn títí láìgbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni àfi ti mọ́tò tó bá ń wọlé. Nígbà tí ìjọba gbé ọ̀gá yìí lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, ó ní kí bàbá mi máa mú ajá náà lọ, nítorí pé ọkàn òun balẹ̀ sí wọn. Ta ló máa sọ fún ọ̀gá rẹ̀ nígbà náà pé òun kò fẹ́? Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan la rí bàbá mi tí wọ́n bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò ọ̀gá, okùn ajá wà lọ́wọ́ kan, páálí agolo oúnjẹ ajá wà lábẹ́ apá kejì, ojú wọn sì dà bí ojú ẹni tí wọ́n fi jẹ oyè tí kò béèrè.

Alhájà kan ló ni ilé tí à ń gbé. Ọmọ bíbí Ìlọrin ni wọ́n, ọkọ wọn ti kú, wọ́n sì máa ń se kókó, ìyẹn ògì gbígbóná, tà láràárọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ kí ajá sún mọ́ àwọn rárá. Bí imú tútù ajá bá kan aṣọ wọn, àfi kí wọ́n pààrọ̀ aṣọ náà kí wọ́n tó kírun. Wọ́n wo Kwíìnì láti òkè délẹ̀, wọ́n wá wo bàbá mi.

"Akọ̀wé, mi ò ní kẹ́ ẹ má sìn ín. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ so ó jìnnà sí omi àlùwàlá mi."

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ ní ìdajì, wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Ìdí igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé la so Kwíìnì mọ́.

Èmi ni wọ́n fi oúnjẹ rẹ̀ sí lọ́wọ́, nítorí pé èmi nìkan lọmọ tó wà nílé. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà ju bí mo ṣe fẹ́ràn ìṣirò lọ. Màá ṣí agolo, màá fi ṣíbí ha inú rẹ̀ gbaragbara, Kwíìnì yóò ti máa jó yí igi máńgòrò ká. Ṣùgbọ́n páálí agolo kì í ṣe kànga. Kò pẹ́ tó fi tán. Bàbá mi lọ sí ilé ìtajà ńlá kan láàárín ìlú láti ra òmíràn, wọ́n dé, wọ́n sì jókòó láìbọ́ bàtà.

"Ìyá ọmọ," wọ́n sọ fún màmá mi, "àwa gan-an kò jẹ ẹran tó wọ́n tó báyẹn rí."

Ẹ̀yin ọmọ òde òní lè rò pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ rí ọ̀wọ́n gógó. Ní àwọn ọdún tí mò ń sọ yìí, ohun tí ẹ bá rà lánàá kò ní jẹ́ iye kan náà lónìí. Owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì ti dáwọ́ dúró. Bàbá mi ń lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa, wọn kì í sì í mú nǹkan kan bọ̀. Aṣọ ilé-ìwé tí màmá mi ń rán nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ọjà Tuntun la fi ń jẹun.

A kọ́kọ́ fún Kwíìnì ní àjẹkù wa. Ó gbóòórùn ẹ̀bà, ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tí ebi wá pa á gan-an, ó jẹ ẹ̀bà náà pẹ̀lú ọbẹ̀ ata. Kí ilẹ̀ tó mọ́, inú rẹ̀ ti ṣí, ó sì ti ṣe é dé ibi tí Alhájà ń kó igi ìdáná sí. Bí Alhájà ṣe ké "Súbúhánálláhì!" láàárọ̀ yẹn, àwọn tó ń ra kókó gbé abọ́ wọn sẹ́yìn.

Bàbá mi ní ó tó gẹ́ẹ́. Ọkùnrin kan wà ní ọ̀nà Jẹ́bà, wọ́n ní, tó máa ń gba ajá lọ́wọ́ ènìyàn. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí ọkùnrin náà ń fi ajá ṣe. Gbogbo wa la mọ̀. Inú ìkòkò ni wọ́n ń lọ. Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Màmá mi kò sunkún ní tiwọn. Wọ́n gé òwú tó wà lẹ́nu abẹ́rẹ́ wọn, wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú ná. Èyí tó bá ṣẹ́kù nínú owó ọbẹ̀ ni màá fi wá oúnjẹ fún un. Bí kò bá jẹ ẹ́, kó máa lọ."

Ní ọjọ́ Sátidé, èmi àti màmá mi lọ sí ọjà Ìpàta. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí ayé ṣe ń jẹun, kó lọ sí Ìpàta. Lọ́rí oníṣu ń rọ́ wọlé, àwọn alábàárù ń pariwo "Àgò! Àgò!", ọkà bàbà kún inú àpò tí wọ́n ká ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, eruku rẹ̀ sì ń bà lé ènìyàn lórí. Màmá mi kò wo ohun tó wà lórí àtẹ. Abẹ́ àtẹ ni wọ́n ń wò. Wọ́n bá oníẹja gbígbẹ kan, wọ́n nawọ́ sí ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, níbi tí orí ẹja àti èérún tó ti wó kóra jọ sí.

"Èló lèyí?"

"Ẹ̀yin fúnra yín lẹ fẹ́ jẹ ẹ́?"

"Ajá mi ni."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín débi tó fi di àtẹ mú. "Ẹja fún ajá! Ṣé ajá òyìnbó ni?"

"Ajá ọ̀gá ni tẹ́lẹ̀," màmá mi dáhùn, "ṣùgbọ́n ó ti di mẹ̀kúnnù bíi tiwa."

Ẹ̀rín yẹn ló ta ẹja náà. Obìnrin náà bu èérún kún ọ̀rá fún wa, ó tún fi orí ẹja díẹ̀ lé e. Lọ́dọ̀ alápatà, fùkù màlúù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rà ni màmá mi mú. Ẹnìkan pè wá pé òun ní ọkà tó pọ́ọ́kú. Màmá mi bu ọkà náà sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n sì dà á padà. "Ó ti bu," ni wọ́n sọ fún mi bí a ṣe ń lọ. "Tí inú Kwíìnì bá tún bàjẹ́, a máa ra oògùn. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀pọ̀ mọ́." Ọkà tó gbẹ dáadáa la rà, kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ́.

A se gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́yìn ilé, láìfi ata tàbí iyọ̀ sí i, epo pupa díẹ̀ péré ni a ta lé e. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Bàbá mi jáde wá béèrè ohun tí a ń sè. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ti ajá ni, wọ́n padà wọlé.

Kwíìnì wo oúnjẹ náà nínú abọ́, ó dùbúlẹ̀, ó sì gbé orí lé ẹsẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀ fún un. Ó kàn pajú dé. Oúnjẹ náà kò gbọdọ̀ bàjẹ́, nítorí náà mo wá nǹkan tí màá fi bù ú padà sínú ìkòkò. Agolo òfìfo kan tí mò ń fi bomi sí ewébẹ̀ ló wà nítòsí. Mo bu oúnjẹ sínú rẹ̀, mo sì ń fi ṣíbí ha á padà sínú ìkòkò. Bí Kwíìnì ṣe gbọ́ gbaragbara ṣíbí lára agolo, ó fò sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti ki ẹnu bọ inú ìkòkò, ó ń jẹ, ó ń mí fìn-ìn-fìn. Màmá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Àṣé ariwo ló ń jẹ!" ni wọ́n ń sọ. Láti ọjọ́ náà lọ, n kò gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ rí láìkọ́kọ́ ha agolo.

Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dán. Bàbá mi kò dárúkọ ọkùnrin ọ̀nà Jẹ́bà mọ́. Àfìgbà tí a ṣàkíyèsí pé kì í ṣe oúnjẹ nìkan ló ń mú ikùn Kwíìnì tóbi. Ajá àdúgbò kan ti fún un lóyún. Oúnjẹ tó ń tó o lọ́jọ́ méjì kò wá tó o lóòjọ́ mọ́. Ilé-ìwé sì ti gba ìsinmi, kò sẹ́ni tó ń rán aṣọ. Màmá mi bù nínú ọkà tiwa fún un fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn náà ní òpin. Bàbá mi kò bínú nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Wọ́n kàn ní àwọn ti ránṣẹ́ pe ọkùnrin ọ̀nà Jẹ́bà.

Ọkùnrin náà gun kẹ̀kẹ́ dé láàárọ̀, ó di àpò sẹ́yìn rẹ̀. Mo dúró síwájú Kwíìnì, mo di okùn mú. Màmá mi kò sọ̀rọ̀, nítorí pé ẹnu àwọn fúnra wọn ló sọ pé kó máa lọ bí kò bá ṣeé ṣe. Bàbá mi ń wo ilẹ̀. Alhájà gbé ìpọn kókó wọn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n rìn wá, wọ́n fi ọwọ́ ká aṣọ wọn sókè kó má baà kan ajá.

"Kí lo fẹ́ fi aboyún ṣe?" wọ́n bi ọkùnrin náà.

Ọkùnrin náà yíjú sí bàbá mi.

"Akọ̀wé, kí ló fà á?"

"Oúnjẹ ni, Alhájà," bàbá mi ní. "Apá wa kò ká a mọ́."

"Èérí ògì mi tí mò ń dà sí gọ́tà láràárọ̀ ńkọ́? Ṣé ajá kì í jẹ èérí ni? Ìyàwó," wọ́n yíjú sí màmá mi, "o ò ṣe béèrè?"

Màmá mi ní, "Ẹ ò fẹ́ràn rẹ̀, mà. Ojú ló ń tì mí."

"Mi ò fẹ́ kó kan aṣọ mi. Mi ò sọ pé kí ebi pa á. Ọlọ́hun tó dá mi ló dá òun náà. Ẹ máa kó èérí náà. Ẹ sáà má jẹ́ kó fẹnu kan ìkòkò mi." Wọ́n wá sọ fún ọkùnrin náà pé, "Wá mu kókó kó o tó lọ. Ọ̀nà jìn."

Ó mu kókó, ó sì gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ pẹ̀lú àpò òfìfo. Bàbá mi wọlé. Nígbà tí mo lọ yọjú, wọ́n ń fi aṣọ nu ojú wọn, wọ́n ní eruku ni.

Èérí Alhájà, èérún ẹja Ìpàta àti fùkù nígbà tí a bá rí i rà, ohun tí Kwíìnì fi bímọ nìyẹn. Àárọ̀ òjò ló bí wọn, ọmọ tó sanra, tó dán, àfi èyí tó kéré jù tí màmá mi ń fi òwú tẹ omi èérí sí lẹ́nu títí tó fi dìde. Alhájà kì í sún mọ́ wọn, ṣùgbọ́n kò sí àárọ̀ kan tí wọn kì í nàgà wò láti ọ̀ọ́kán, kí wọ́n sì béèrè pé, "Ṣé kékeré yẹn ti jẹun?"

Àbúrò Alhájà tó ń dáko ní abúlé kan lẹ́yìn Ìlọrin wá kí wọn, ó rí àwọn ọmọ ajá náà. Ọ̀bọ ti fẹ́ jẹ àgbàdo rẹ̀ tán lóko. Ó bẹ bàbá mi fún akọ kan, bàbá mi sì fún un láìgba nǹkan kan. Nígbà ìkórè, ó padà wá pẹ̀lú àpò ọkà bàbà, ó gbé e kalẹ̀ níwájú bàbá mi, ó ní ti ìyá ajá òun ni. Àwọn tó kù náà rí ilé gbà wọ́n. Owó oṣù sì dé níkẹyìn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dárúkọ oúnjẹ agolo mọ́ nínú ilé wa.

Kwíìnì dàgbà lọ́dọ̀ wa, ó sì kú lọ́jọ́ ogbó nígbà tí mo ti lọ sí ilé-ìwé gíga. Alhájà náà ti lọ, bàbá mi ti lọ. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló kún Ìpàta báyìí, dókítà ajá sì wà káàkiri tí ẹ lè gbé ajá yín lọ bá. Ìtẹ̀síwájú ni, n kò bá a jà. Ohun tí n kì í fẹ́ gbọ́ ni bí ènìyàn ṣe máa ń yára sọ pé agbára òun kò gbé e, kó tó yẹ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti ti aládùúgbò rẹ̀ wò.

Ní ọdún tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi, tí àwọn ọmọ mi ṣì kéré, màmá mi wá kí wa láìrò tẹ́lẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé kò sí oúnjẹ nílé. Wọn kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Wọ́n gbé àpò wọn sílẹ̀, wọ́n ká ọwọ́ aṣọ wọn sókè, wọ́n sì wọ ilé ìdáná mi lọ.

"Mi ò béèrè ohun tí kò sí," wọ́n ní. "Fi ohun tó wà hàn mí."

A jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, a sì yó.