Fèrèsé Ẹ̀yìnkùlé Ìyá Aránṣọ

Ní àdúgbò tó fara ti pápákọ̀ òfurufú yẹn, bí ẹ bá rí ẹni méjì tí wọ́n ń bú ara wọn, tí àwọn méjèèjì ṣàdédé dákẹ́, tí wọ́n la ẹnu sílẹ̀ tí wọ́n ń wo ara wọn, ẹ má rò pé ìjà ti parí. Bàálù ló ń kọjá. Bó bá ti kọjá tán, èébú á tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró sí gẹ́lẹ́. "Ọ̀gá ń kọjá" ni wọ́n máa ń wí. Àlejò nìkan ló ń pariwo lé Ọ̀gá lórí. Onílé a máa dákẹ́ dè é ni.

Láti ọjọ́ tí Ìyá Aránṣọ ti di ìyàwó ilé níbẹ̀ ló ti ń dákẹ́ de Ọ̀gá. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà ní yàrá iwájú. Ọkọ rẹ̀ ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lábẹ́ páànù ní ẹ̀yìnkùlé, Bàbá Táyà sì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ilé náà kò ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ẹni tó bá fẹ́ dé ẹ̀yìnkùlé, àfi kó gba iwájú jáde kó yípo ilé. Nítorí náà, ojú fèrèsé ẹ̀yìn ni tọkọtaya yìí ti ń bára wọn gbé.

"Ìyá Aránṣọ! Ṣé oorun ló gbé ẹ lọ ni? Mi ò gbúròó ẹ̀rọ ẹ!"

"Òwú ló já! Ìwọ tóo ti ń lu irin látàárọ̀, ṣé o ti tún ẹyọ kan ṣe?"

"Màá kọ́kọ́ wá tún ẹnu ẹ ṣe ná!"

Bí wọ́n ṣe ń ṣìkẹ́ ara wọn nìyẹn.

Nígbà tí àìsàn gbé Bàbá Táyà dè, tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́, ó ní òun kò ní torí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo sùn sínú ilé. Aya rẹ̀ á mú un jókòó sábẹ́ páànù láàárọ̀, á gbé iṣẹ́ sí iwájú rẹ̀. Bó bá fẹ́ dìde, á ké sí i. Wọ́n ti jọ fẹnu kò sí i pé kò gbọdọ̀ dá dìde láé.

Ọdún yẹn náà ni pápákọ̀ àti kánsù ìlú jọ dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀, kí ariwo bàálù má baà ba ayé àwọn ará ìtòsí jẹ́. Wọ́n ní kí òpópónà kọ̀ọ̀kan yan ẹnì kan. Obìnrin tó ń ta ọṣẹ ní ilé kejì ló fa Ìyá Aránṣọ kalẹ̀. "Ta la tún ń wá? Ẹnu ẹ̀ nìkan, ó tó bàálù méjì."

Iṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ ṣe kì í ṣe iṣẹ́ burúkú. Wọ́n ń yọ fèrèsé àtijọ́ kúrò, wọ́n ń fi gíláàsì onípele méjì tí kò ṣeé ṣí dípò rẹ̀, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ kékeré kan sí ara ògiri tí yóò máa fa atẹ́gùn wọlé. Ilé Ìyá Aránṣọ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí, ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó gbọ́ èémí ara rẹ̀. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ayọ̀ ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ó gbé omi lọ fún ọkọ rẹ̀. Ó bá a tó tẹrí ba, tí ṣòkòtò rẹ̀ tutù.

"Mo pè ẹ́ títí."

"Mi ò gbọ́."

"Mo mọ̀ pé o ò gbọ́. Ṣé o rò pé mo fẹ́ kí ó rí báyìí ni?"

Ìyá Aránṣọ so agogo mọ́ ọn lọ́wọ́. Gíláàsì gbé ohùn agogo mì. Ó ra fóònù fún un. Bàbá Táyà jù ú sínú àpótí irinṣẹ́, ó ní òun kò ní máa tẹ nọ́ńbà kí òun tó lè pe ìyàwó òun nínú ilé òun. Ni Ìyá Aránṣọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ sáré bọ̀, aṣọ oníbàárà ń bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Fèrèsé kan ṣoṣo tó ṣeé ṣí, ti ẹ̀yìn yẹn, ni gbogbo ohun tó ń fẹ́. Kánsù ní, "Pápákọ̀ ló ni gíláàsì, ẹ lọ bá wọn." Pápákọ̀ ní, "Inú ìlú nilé yín wà, kánsù ló ni ín." Àwọn méjèèjì wá jọ ní, "Ẹ gbé e wá síwájú ìgbìmọ̀."

Òkè ilé gogoro kan nínú pápákọ̀ ni wọ́n ti ń ṣèpàdé. Gíláàsì ni ògiri ẹ̀gbẹ́ kan, tíì sì wà lórí tábìlì. Ọ̀rọ̀ Ìyá Aránṣọ ló kẹ́yìn. Ó dìde.

"Ẹ ṣeun, alága. Ilé wa dákẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ò lè dá dìde. Ẹ̀yìnkùlé ló máa ń wà. Bó bá wá pè mí…"

Bàálù kan bá kọjá lẹ́yìn gíláàsì. Kò sí ariwo kankan. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ rí i, ẹnu rẹ̀ sì dúró fúnra rẹ̀. Ó ń dúró de Ọ̀gá kó kọjá.

Alága wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá. Inú wa dùn pé ilé ti dákẹ́." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àwọn kan ti ń kó báàgì wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, alága, mi ò tíì…"

"Màmá, ilẹ̀ ti ṣú. Ẹ jẹ́ ká gbé e sí ìpàdé tó ń bọ̀."

Ìpàdé tó ń bọ̀ ṣì ku oṣù mẹ́ta. Bàbá Táyà kò rí i.

Obìnrin ọlọ́ṣẹ ló wá gbá ilẹ̀kùn iwájú lọ́jọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀. "Ìyá Aránṣọ! Ọkọ ẹ ń pè ẹ́, ó ti pẹ́! Mo kọ́kọ́ rò pé ẹ ń bára yín ṣeré ni, àfi bí mi ò ṣe gbóhùn ẹ̀ mọ́." Nígbà tí wọ́n fi máa yípo ilé, ó ti dá dìde, ó ti ṣubú, orí rẹ̀ ti gbá irin. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe mọ́.

Pápákọ̀ àti kánsù wá kí i. Inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n ti jọ bọ́ sílẹ̀. Nígbà tó ń wá wọn, wọn kò mọ ọ̀nà ọ́fíìsì ara wọn.

"Màmá," ni alága wí, "ká ní a mọ̀ ni."

"Mo dìde níwájú yín."

"Ẹ ò sọ ọ́ tán, mà."

Ìyá Aránṣọ wò ó. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kó kórìíra rẹ̀. "Ṣé ìdajì tí mo sọ kò tó kí ẹ bi mí pé kí ló kù?"

Obìnrin tó wá láti kánsù ní, "Ẹ má bínú, mà. A máa ṣe fèrèsé náà."

"Fún ta ni?"

Síbẹ̀, wọ́n ṣe é. Ẹnì kan péré ló wá, ó parí rẹ̀ kí omi tó hó lórí iná. Ìyá Aránṣọ dúró tì í. "Ṣé bó ṣe rọrùn tó nìyí?"

"Kì í ṣòro rárá, mà." Ẹni ẹlẹ́ni kò mọ nǹkan kan. Ó fi ń yangàn ni.

Obìnrin ọlọ́ṣẹ ló ṣí i, torí ooru, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá Aránṣọ kò ní agbára àtitì í. Ó ń rán ọrùn aṣọ kan lọ́wọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí ohùn ọkùnrin kan wọlé láti ẹ̀yìn, ó já geere bí ẹni pé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ló dúró sí.

"Bàbá Táyà! Èmi ẹni tó rìnrìn àjò náà ti dé o! Kẹ̀kẹ́ mi ńkọ́? Àbí ẹ ti fi gbé ìyàwó kejì?"

Ẹsẹ̀ Ìyá Aránṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ó lè dáhùn láti ibi tó jókòó sí. Ọkùnrin náà á gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń gba ojú fèrèsé sọ fúnni.

"Bàbá Táyà o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣeré!"

Ó wá gèlè rẹ̀, ó wé e, ó gba iwájú jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yípo ilé.