Ẹja Kẹjọ Nílé Fẹ́yìsayọ̀

Kò tẹrí ba fún olùkọ́ tó gbá a létí nítorí pé ó sọ èdè ìyá rẹ̀ nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Kò tẹrí ba fún ọ̀gá tó ní kí àwọn obìnrin máa fọ ìgò, kí àwọn ọkùnrin máa wo ẹ̀jẹ̀ lójú awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Lọ́dún tí ìyanṣẹ́lódì gba oṣù mẹ́sàn-án ní Lomé, tí àwọn aládùúgbò ń di ẹrù gba ọ̀nà Cotonou, inú ilé rẹ̀ ní Kégué ló jókòó sí, ó ń fi gààrí àti omi tútù tọ́ ọmọ. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, tí àwọn ẹbí ọkọ mú abẹ wá láti fá a lórí, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ fá ti ara wọn, kí òun wo bó ṣe máa rí. Àìsàn oríkèé ara dé, ó bá a gbé bí ẹni bá ayálégbé tí kò níwà gbé.

Fẹ́yìsayọ̀ Bámgbóṣé ni mò ń wí. Àwa méjèèjì jọ ṣiṣẹ́ ní ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún ọdún mọ́kàndínlógún, mi ò sì rí ọjọ́ kan tó sọ pé ó rẹ òun. Ìdí nìyẹn tó fi yà mí lẹ́nu pé, nígbà tó pé ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e kúrò nílé ara rẹ̀ ni ẹja tí kò gùn tó ìka ọwọ́.

Ọkọ rẹ̀ ló fi ẹja sílẹ̀ fún un. Oníṣẹ́ iná mànàmáná ni Bámgbóṣé ní èbúté. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó lọ sí ọjà Hédzranawoé, láàárín àwọn àga àti bẹ́ẹ̀dì tí òyìnbó ti lò kù, ó sì ra àpótí dígí kan tó gùn tó pátákó ilẹ̀kùn. Ọdún méjì ló fi kọ́ òkun sínú rẹ̀. Ó bu omi òkun wá, ó to òkúta oníhò sí i, ó gbin iyùn sára òkúta náà. Iyùn tí àwa mọ̀ sí ọrùn ìyàwó, ohun alààyè ni nínú àpótí yẹn: ó ń ṣí, ó ń pa dé, bí ojú ẹni tí oorun ń kùn. Àwọn ẹja pupa tó ní ọ̀já funfun lára sì ń rìn láàárín rẹ̀. Lẹ́yìn tí Bámgbóṣé kú, ẹja rẹ̀ tó kẹ́yìn tún lo ọdún mẹ́ta, kí ogbó tó mú un lọ.

Ilé náà wá dákẹ́. David, ọmọ kan ṣoṣo tí Fẹ́yìsayọ̀ bí, ti fìdí múlẹ̀ ní Abidjan. Lọ́jọ́ tí eré bọ́ọ̀lù bá wà ní pápá ìṣeré Kégué, ariwo ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn á wọlé lójú fèrèsé, á mi ife lórí tábìlì, obìnrin yìí á sì jókòó láìmọ ẹni tó jẹ góòlù. Bí ariwo bá ti lọ tán, ohun tó kù kò ju ìró ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú àpótí dígí lọ. Ó sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan pé ó dà bí ẹni tó ń mí ní yàrá kejì. Kò sọ ọ́ bí ìráhùn. Bí ẹni tó ń ka èsì àyẹ̀wò sókè ló ṣe sọ ọ́.

Ó pinnu láti ra ẹja tuntun.

Ìdílé rẹ̀ ní ọpọ́n idẹ kan tí ìyá ìyá rẹ̀ rù láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Lomé. Inú ọpọ́n náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ wẹ gbogbo ọmọ tí wọ́n bí nínú ilé, láti orí ìyá rẹ̀ títí dé orí David. Ọmọ tí a kò wẹ̀ nínú rẹ̀, àlejò ni wọ́n ń pè é. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí ọpọ́n náà ti gbẹ lórí àjà. Nígbà tí ẹja àkọ́kọ́ dé, Fẹ́yìsayọ̀ gbé ọpọ́n sọ̀kalẹ̀, ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán bí oòrùn àárọ̀. Ó da ẹja àti omi tó bá a wá sínú rẹ̀, ó ń bu omi àpótí sí i ní ife kọ̀ọ̀kan fún wákàtí mẹ́ta, kí ara ẹja lè mọ omi tuntun díẹ̀díẹ̀, ó sì ń kì í: Àbẹ̀ní; àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀, Àjíkẹ́, Àkànbí. Kò mọ èyí tó jẹ́ akọ tàbí abo. Oríkì tó bá bọ́ sí i lẹ́nu ló ń lò. Lẹ́yìn náà ló da ẹja àti omi ọpọ́n pọ̀ sínú àpótí. Gbogbo ẹja tó tẹ̀ lé e ló gbà bẹ́ẹ̀ wọlé.

Lọ́jọ́ kẹta, Àbẹ̀ní dùbúlẹ̀ lórí iyanrìn. Èkejì náà kú, ẹ̀kẹta náà kú. Iyùn tí Bámgbóṣé gbìn pa ojú dé, kò sì ṣí i mọ́. Ìgbín òkun tó ń gbé inú àpótí náà já bọ́ lára dígí.

Fẹ́yìsayọ̀ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, ó ń wádìí rẹ̀ bí a ti ń wádìí àìsàn. Ó kọ́kọ́ fura sí omi: bóyá epo ọkọ̀ ojú omi ti bà á jẹ́. Ó wọ takisí kọjá Baguida lọ bu òmíràn, níbi tí ọkọ̀ ńlá kì í dé. Ẹja kẹrin kú. Ó fura sí iná tó ń lọ tó ń bọ̀, ó ra ẹ̀rọ tó ń lo bátìrì. Ẹ̀karùn-ún kú. Ó dáwọ́ oògùn ẹ̀fọn dúró, ẹ̀fọn sì jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni ń jẹ àsè. Ẹ̀kẹfà kú. Ó wá ku ẹnì kan tó lè fura sí: ẹni tó ń ta ẹja fún un.

Mùkáílà, ọmọ Ìsẹ́yìn tó ti ń ta ẹja àti àpótí dígí ní Hédzranawoé láti ọdún mẹ́rin, ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí Fẹ́yìsayọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ káàsán mà! Maman, ça va? Ṣé dáadáa ni?"

"Kò sí ohun tó ń va. Ẹja aláìsàn lò ń tà fún mi."

"Háà! Ìyá, ẹ wo àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú omi, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń jà nítorí oúnjẹ. Ṣé aláìsàn ló ń jà báyìí? Lọ́dọ̀ tèmi, wọn kì í kú. Ìgbà tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ń gbàgbé bí a ti í mí."

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Mùkáílà. Mo ti ń wo ohun alààyè lójú awò kí wọ́n tó bí ìyá rẹ."

"Mo gbà, mà. Ẹ jẹ́ kí n wá wo bí ẹ ṣe ń ṣe é. Mi ò ní gba kọ́bọ̀."

"A kì í kọ́ mi ní iṣẹ́ omi nínú ilé mi."

Ó ra ìkeje, ó sì bọ́ sọ́nà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni David pè é lórí fóònù. Ó ti pẹ́ tó ti ń bẹ ìyá rẹ̀ pé kó ta ilé, kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹja, ó rẹ́rìn-ín, ó sì sọ ohun tí kò yẹ kí ọmọ sọ.

"Màmá, ẹ ò lè dá ẹ̀mí ẹja kan sí. Ta ló máa dá tiyín sí bí ẹ bá ṣubú ní balùwẹ̀?"

Fẹ́yìsayọ̀ ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ sí ojú ewé tuntun.

"Nígbà wo lò ń bọ̀?"

"Ọ̀sẹ̀ Àjíǹde, mà."

"Ó dáa. Bí o bá dé, tí ẹja kan ò wà láàyè nínú àpótí bàbá rẹ, n ó di ẹrù mi tẹ̀ lé ọ. Bí ó bá wà láàyè, o kò ní dárúkọ Abidjan fún mi mọ́."

David gbà. Oṣù mẹ́ta àbọ̀ ló kù sí Àjíǹde. Ẹ má ṣe rò pé eré ni. Obìnrin yìí kò ba ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ jẹ́ rí. Bí ẹja bá kú, ó ń lọ nìyẹn.

Ẹja keje kú. Fẹ́yìsayọ̀ dìde láti gbé òkú rẹ̀, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí ọpọ́n idẹ. Ó ti rẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tí ẹja náà dé, ó fi ìṣẹ́kù omi òkun sílẹ̀ nísàlẹ̀ ọpọ́n láìfọ̀. Omi náà ti gbẹ. Ìlà kan yí inú ọpọ́n ká, tí kò dúdú bí ewé, tí kò sì mọ́ bí sánmà, àárín méjèèjì ló wà.

Ó mọ àwọ̀ yẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀ mọ̀ ọ́n. Omi búlúù kan wà tí a máa ń kán ẹ̀jẹ̀ sí láti mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ olùfúnni tó. Bàbà ni ohun tó wà nínú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ àwọn tuntun pé kí wọ́n má ṣe dà á sínú gọ́tà, nítorí ó ń pa ohun tó ń gbé inú omi. Idẹ kò sì sí láìsí bàbà nínú rẹ̀. Omi iyọ̀ ń jẹ ẹ́, àgàgà bí a bá ti fi ọsàn bó ojú rẹ̀.

Síbẹ̀ kò gba ojú rẹ̀ gbọ́. Ó lọ sétí òkun, ó bá àwọn apẹja ra edé mẹ́wàá tó ṣì wà láàyè. Ó fi márùn-ún sínú ọpọ́n idẹ, márùn-ún sínú garawa ike, omi kan náà, wákàtí kan náà. Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo edé inú ọpọ́n ti yí ikùn sókè. Ti inú ike ń tẹsẹ̀ rìn kiri.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwo méjèèjì. Ó rántí pé garawa ike ni Bámgbóṣé máa ń lò. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń bú u pé bí ẹni tó fẹ́ fọ ilẹ̀ ló ṣe ń gba àlejò. Ọgbọ̀n ọdún ló fi yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn wò, kò sì yẹ ọwọ́ ara rẹ̀ wò. Ó ti kí ẹja méje káàbọ̀ bí ọmọ ilé, ó kì wọ́n, ó sì fi ọwọ́ ìkẹ́ pa wọ́n. Pápá ìṣeré bú sí ariwo ní àkókò yẹn. Ẹnì kan ti jẹ góòlù.

Lọ́jọ́ kejì ó lọ bá Mùkáílà.

"Ẹ̀sùn tí mo fi kàn ọ́, mo ti gbà á padà. Idẹ ni mo fi ń gbà wọ́n."

"Idẹ báwo, mà?"

Ó ṣàlàyé. Mùkáílà fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti já.

"Ẹ wẹ ẹja? Ìyá, ṣé ẹ fi òrí pa á lára náà? Ṣé ẹ pọ̀n ọ́n?"

"Oríkì nìkan ni mo kì í," ni ìdáhùn rẹ̀, láìrẹ́rìn-ín. Ó di ìgbà tó wọ takisí tán kí èjìká rẹ̀ tó máa mì, awakọ̀ sì bi í bóyá ó ń sunkún. Ó ní kò yé òun náà.

Ohun tí bàbà bá ti wọ̀ kì í tètè jáde. Ó gbọ́n omi àpótí dànù, ó bu tuntun, ó tún gbọ́n ọn, ìgbà márùn-ún. Ó di èédú sínú àpò aṣọ, ó rì í sójú ibi tí omi ti ń ṣàn, kó lè fa bàbà tó ṣẹ́kù mọ́ra. Ó fi edé kan sí i láti dán an wò. Edé náà kú. Ó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Edé kejì yè. Ìgbín tó fi sí i náà yè. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, iyùn kan ṣoṣo nísàlẹ̀ òkúta ya ojú rẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀ ti mọ́. Fẹ́yìsayọ̀ pè mí lórí fóònù nítorí rẹ̀. Kò sọ ju gbólóhùn kan lọ: "Ó ti jí."

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí Àjíǹde nígbà tó ra ẹja kẹjọ. Inú garawa ike ló ti gbà á. Kò fún un ní oríkì kankan. Ọpọ́n idẹ ti padà sórí àjà, ó sì fi aṣọ bò ó.

David dé ní Sátidé ọ̀sẹ̀ Àjíǹde. Ó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá rẹ̀, ó gbé àpò kalẹ̀, ó sì lọ tààrà sídìí àpótí dígí. Ẹja náà jáde láàárín iyùn, pupa, pẹ̀lú ọ̀já funfun rẹ̀, ó yí ojú sí i. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó padà wá, ó jókòó sídìí tábìlì tí ìyá rẹ̀ gbé ẹ̀wà sí.

"Màmá, ẹ ti borí. Mo mọ̀ pé mo ti ṣèlérí pé n kò ní dárúkọ rẹ̀."

"O ti fẹ́ dárúkọ rẹ̀."

"Mo ti kun yàrá yín lọ́dọ̀ mi, mà. Àwọ̀ búlúù tí ẹ fẹ́ràn. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí omi. Mo tiẹ̀ ti rí ẹni tó máa gbé àpótí Bàbá dé ibẹ̀, pẹ̀lú ẹja rẹ̀. Ẹ gbàgbé àdéhùn wa. Oore ni kí ẹ kà á sí, ẹ jẹ́ kí n ṣe é fún yín. Ilé yìí dákẹ́ jù."

Fẹ́yìsayọ̀ tẹ́tí sílẹ̀. Òótọ́ ni, ó dákẹ́. Kò sí eré ní pápá lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀rọ atẹ́gùn nìkan ló ń mí. Ó na ọwọ́, ó ti àwo ẹ̀wà sún mọ́ ọmọ rẹ̀.

"Mo dúpẹ́, ọmọ mi," ló wí. "N kò lọ."