Mi Ò Tíì Dé Aago Méjìlá

Ẹ fún mi láyè díẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lórí ọ̀rọ̀ ìdáríjì. Àwọn kan nínú yín ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn pé ìyàwó kan wà ní Ìfọ̀ tó di kùnrùngbùn sí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta gbáko. Èmi ni. Mi ò sẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tẹnu mi ná.

Tíṣà ni mí, àwọn ọmọ kéékèèké ni mò ń kọ́. Aago ni mo fi ń ṣe ohun gbogbo, nítorí náà, bí mo bá ń dárúkọ àkókò, ẹ má rò pé mò ń bù mọ́ ọn.

Eyínfúnjowó ni mo ń pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin yìí láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ, torí ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ọmọ ọkọ. Aṣọ ló ń tà l'Abẹ́òkúta. Ó lówó, ó lẹ́wà, ó sì lawọ́. Ẹ rí i pé mi ò bà á jẹ́.

Nígbà tí Ìbídùn, ọmọ mi kan ṣoṣo, wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, Eyínfúnjowó wá mú un lọ́jọ́ Sátidé kan pé kó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ òun. Èmi fúnra mi ni mo di ẹrù ọmọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ tẹ́ṣàn Ìfọ̀ mọ̀ pé ibẹ̀ ni ojú irin ti pín: ọ̀kan ń lọ sí Abẹ́òkúta, ọ̀kan ń yà lọ sí Ìdògò. Ọkọ̀ méjì ló dúró láàárọ̀ ọjọ́ náà. Eyínfúnjowó gbé ọmọ mi jókòó sínú ọ̀kan, ó ní kó má mira, òun fẹ́ ra ọsàn, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Kò tíì ṣa ọsàn tán tí ọkọ̀ fi fọn fèrè, ó ṣí. Ìdògò ló ń lọ!

Aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú ni ọkọ̀ yẹn ṣí. Aago márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú nírọ̀lẹ́ ni mo tó fojú kan ọmọ mi, nígbà tí ìyá ẹlẹ́gàárì kan tó rí i níbi tó ti ń sunkún ní Ìdògò mú un padà wá sí tẹ́ṣàn Ìfọ̀. Wákàtí méje àti ogójì ìṣẹ́jú! Ọjọ́ mọ́kànlá ni ọmọ náà kò fi sọ̀rọ̀. Ilé wa kò jìnnà sí ojú irin. Bí fèrè bá ti dún báyìí, yóò di etí ìró mi mú.

Kí ni Eyínfúnjowó wá sọ? Ó ní ọmọ ṣáà ti dé, kí a máa dúpẹ́. Hẹ̀n-ẹ́n! Mo pariwo mọ́ ọn lójú gbogbo àdúgbò pé òun ló sọ ọmọ mi nù. Ibẹ̀ ni mo ti jẹ̀bi.

Wọ́n pè wá sí agbo ilé ọkọ mi ní Mówè. Àwọn àgbà gbọ́ tọ̀tún, wọ́n gbọ́ tòsì, wọ́n ní ìyàwó kì í gbé ohùn sókè sí ọmọ ọkọ. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ bẹ Eyínfúnjowó. Èmi! Èmi tí ọmọ mi sọnù! Mo wo ọkọ mi. Ilẹ̀ ni ọkọ mi ń wò. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n ní kí n sọ pé ó ti tán nínú mi. Mo sọ ọ́. Wọ́n bu omi sínú igbá kan, àwa méjèèjì mu níbẹ̀, gbogbo ilé ní, "Àṣẹ."

Irọ́ ni mo pa. Kò tán nínú mi. Ńṣe ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé jókòó.

Ọdún mẹ́ta ni mi ò fi jẹ́ kí aṣọ tí Eyínfúnjowó bá fi ránṣẹ́ kan ara Ìbídùn. Ọmọ náà fúnra rẹ̀, mi ò jẹ́ kó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sódò. Bí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé, mo máa ń sáré lọ yọjú lójú fèrèsé kíláàsì tirẹ̀ kí n lè rí i pé ó ṣì wà níbẹ̀. Ṣé ààbò nìyẹn, àbí ẹ̀wọ̀n? Èmi náà kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ mọ́.

Ìgbà náà ni ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin kan l'Abẹ́òkúta ní àwọn gba Ìbídùn. Ìdùnnú ńlá! Àmọ́ ọmọ kì í sùn níbẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ní ilé ẹbí tí yóò máa gbé. Ta sì la ní l'Abẹ́òkúta? Eyínfúnjowó nìkan ni. Bí ìdáhùn wa kò bá dé kí oṣù tó parí, wọn yóò fi àyè náà fún ọmọ ẹlòmíràn. Ọkọ mi ní ọ̀rọ̀ kù sọ́wọ́ mi.

Mo tọ pásítọ̀ wa lọ. Ó ní kí n dárí jì í ní ìgbà àádọ́rin lọ́nà méje. Mo ní, "Sà, mo ti ṣe ìṣirò rẹ̀, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó dín mẹ́wàá ni. Bí mo ṣe máa ṣe ọ̀kan péré ni mò ń wá." Àáfà tó múlé gbè wá náà ṣàánú mi, ó bu omi hàǹtú tó fi fọ wàláà rẹ̀ fún mi. Mo mu ún. Ó korò, ṣùgbọ́n inú mi korò jù ú lọ.

Àyà wá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Mo lọ sí dísípẹ́ńsárì, wọ́n fún mi lóògùn olómi, ìgò kan, ìgò kejì. Nígbà tí mo padà lọ gba ìkẹta, apòògùn wò mí, ó ní, "Ìyá Ìbídùn, àyà kọ́ ló ń dùn yín. Ohun tó wà níbẹ̀ ni." Ó wá sọ fún mi nípa màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì sí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ní Ìbafò, nọ́ọ̀sì tó kọ́ṣẹ́ lókè òkun ní ilé ìwòsàn àwọn tí ọkàn wọn dàrú. Ó ní ọ̀rọ̀ ni màmá náà fi ń tọ́jú èèyàn, kì í ṣe abẹ́rẹ́.

Mo bínú! Ṣé wèrè ni wọ́n pè mí ni? Mo bínú délé. Lọ́jọ́ Sátidé, mo mú Ìbídùn lọ́wọ́, a wọ lọ́rì dé Òfàdà, a fẹsẹ̀ rin ìyókù.

Màmá Nọ́ọ̀sì ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí nígbà tí a dé. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Mo ní kí wọ́n má bínú, orí mi pé o, mi ò ya wèrè.

Wọ́n ní, "Mo rí i. Wèrè kì í ti Ìfọ̀ rin ìrìn yìí wá sọ pé òun kò ya wèrè. Jókòó, gba àtẹ kan, máa ṣẹ́."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, wọn kò sọ "dárí jì í" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Wọ́n ní kí n ro ọjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo rò ó. Lọ́jọ́ Sátidé kejì, wọ́n tún ní kí n rò ó. Ìbídùn wà nítòsí, ó kàn dá sí i pé òun rántí pé ewúrẹ́ kan wà nínú ọkọ̀ náà tó ń jẹ etí fìlà bàbá kan tó sùn lọ. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Màmá Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ tó wọ ọkọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ láti ọjọ́ yìí, èmi tí mi ò wọ̀ ọ́ ni mo ṣì wà nínú ẹ̀.

Ní Sátidé kẹta, wọ́n bi mí pé kí ni mo fẹ́ lọ́wọ́ Eyínfúnjowó. Mo ní kó kúnlẹ̀ fún mi.

"Ó ti kúnlẹ̀. Wò ó nílẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ó tó?"

Mo wo ilẹ̀ náà. Mo ní, "Rárá mà, kò tó. Mo fẹ́ kó gbọ́ gbogbo wákàtí méje àti ogójì ìṣẹ́jú yẹn, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ọmọ ṣáà ti dé."

"Lọ sọ ọ́ fún un nígbà náà. Kí ló dé tí o ń sọ ọ́ fún mi láti ọjọ́ yìí? Èmi kọ́ ni mo gbé ọmọ sínú ọkọ̀."

Ọjọ́ mẹ́rin ló kù kí oṣù parí. Ọkọ mi bẹ̀ mí pé kí n má lọ dá ìjà sílẹ̀. Mo ní òótọ́ ni mo fẹ́ lọ dá sílẹ̀. Mo wọ rélùwéè lọ sí Abẹ́òkúta.

Mo kúnlẹ̀ kí Eyínfúnjowó bó ṣe yẹ, mo dìde, mo fa àga, mo jókòó. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ìyàwó, ṣé kò sí o? Orí àga?"

"Mo ti kí yín, mà. Ìkíni ni mo kúnlẹ̀ fún, n kò wá bẹ̀bẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ kan tó gùn."

Mo bẹ̀rẹ̀ láti aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú. Mo sọ bí wọ́n ṣe sáré wá pè mí, bí mo ṣe sá lọ sí tẹ́ṣàn láìwọ bàtà, bí mo ṣe ń wo abẹ́ irin bóyá mo máa rí aṣọ ọmọ mi níbẹ̀.

Ó ní, "Ìyàwó, ọmọ ṣáà ti..."

Mo nawọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò tíì dé aago méjìlá."

Mo sọ ọ́ dé aago márùn-ún kọjá ogún. Mo sọ ti ọjọ́ mọ́kànlá. Mo sọ ti Mówè àti omi inú igbá. Mi ò sunkún, mi ò sì pariwo.

Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ó rọra béèrè pé, "Kí ni wọ́n kọ sára ọkọ̀ yẹn?"

Mo ní, "Ìdògò ni, mà. Gàdàgbà ni wọ́n kọ ọ́."

"Mi ò mọ̀wé, ìyàwó. Mo máa ń béèrè ni. Lọ́jọ́ yẹn, mo bi ọkùnrin kan, ó ń kánjú, ó kàn nawọ́ sọ́ọ̀ọ́kán. Mi ò mọ èwo ló nawọ́ sí. Mo wá wo ara mi, èmi Eyínfúnjowó pẹ̀lú wúrà lọ́rùn, ojú tì mí láti béèrè lẹ́ẹ̀kejì." Ó fi ọwọ́ bojú. "Ṣé iwájú ẹbí ní Mówè ni mo fẹ́ ti sọ ìyẹn? Má bínú. Mo jẹ̀bi."

Ẹ gbọ́, ó ṣe mí bákan. Mo mọ̀wé láti kékeré, kò sì wá sí mi lọ́kàn rí pé ẹnìkan lè wo ohun gàdàgbà yẹn kí ó má rí nǹkan kan. Síbẹ̀, mi ò jẹ́ kí àánú gba òótọ́ lẹ́nu mi. Mo ní, "Mo dárí jì yín, mà. Ti òótọ́ nìyí, ti Mówè kọ́. Ìbídùn máa wá gbé ọ̀dọ̀ yín. Ṣùgbọ́n tó bá di ti rélùwéè, èmi ni n ó máa mú un wá, èmi ni n ó máa mú un lọ."

Ó ní, "Ìwọ ìyàwó yìí, o le o!"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo le."

Oúnjẹ tó gbé fún mi, mo jẹ ẹ́ tán. Àkọ́jẹ láti ọdún mẹ́ta.

Nígbà tí ilé ìwé wọlé, mo mú ọmọ mi lọ fúnra mi, Eyínfúnjowó sì wá pàdé wa. Nígbà tí mo fẹ́ padà, ó sìn mí dé tẹ́ṣàn, ó di ọwọ́ Ìbídùn mú pinpin. Bí ọkọ̀ ṣe dé, kò jẹ́ kí n gbẹ́sẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọmọ náà, ó ní, "Ìyá mi, kà á fún mi. Ibo lèyí ń lọ?"

"Èkó ni wọ́n kọ síbẹ̀, mà. Ó máa gba Ìfọ̀ kọjá."

"Ó dáa. Ìyá rẹ lè wọ̀ ọ́."

Àwọn kan ní Mówè ń sọ báyìí pé ṣé mo rí i, bí mo bá ti gbàgbé nígbà tí wọ́n ní kí n gbàgbé, ọ̀rọ̀ ì bá má gùn tó báyìí. Irọ́ ni! Ìgbàgbé tí wọ́n fipá mú mi ṣe ló gba ọdún mẹ́ta lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo kọ́ ni pé èèyàn lè dárí jini láìpurọ́ pé kò dun òun, ó sì lè dárí jini kó ṣì máa ṣọ́ ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ní kí ẹ kúnlẹ̀ lórí ohun tí wọ́n ṣe yín? Ta lẹ rí tó jókòó gbọ́ ọ? Ẹ kọ ọ́ wá kí gbogbo wa kà á. Bí ẹ bá sì ń sọ ọ́, ẹ má fo wákàtí kankan.